Gìtá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo rò pé ìwàásù ni wọn yóò béèrè. Wọ́n ní rárá. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí àlùfáà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi ń lo ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ilé, tí ó ń kan gìtá oníná. Ìbéèrè náà tọ́. N óò dáhùn rẹ̀, n óò sì fi ẹ̀bẹ̀ kan tì í, nítorí pé ìdáhùn náà kan ilé-ìwé wa gbọ̀ngbọ̀n.

Káfíńtà ni bàbá mi. Iṣẹ́ náà ni ó fi tọ́ wa, síbẹ̀ kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti sún mọ́ ìfági, yóò ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kálàmù ni mo ní kí o lọ mú." N kò dá a lẹ́bi. Ní ìgbà ayé tirẹ̀, ẹni tí ó mọ̀wé ni ó ń jókòó lórí àga. Ẹni tí ó kan àga ni ó ń dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ilé-ìwé yìí ní ọdún 1973, mo bá yàrá iṣẹ́ igi níbẹ̀, mo sì bá ọ̀gá kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe iṣẹ́ náà ní eré. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń pọ́n irin, bí a ṣe ń wo ojú igi kí a tó gé e, àti bí a ṣe ń so igi méjì pọ̀ láìlo ìṣó. Ní òpin ọdún kejì, mo gbé àpótí ìjókòó kékeré kan lọ sílé. Bàbá mi kò wo òkè rẹ̀ rárá. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì wí pé, "Ẹni tí ó kọ́ ọ yìí, òṣìṣẹ́ ni." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jẹ́ kí n bá òun di igi mú.

Lẹ́yìn èyí, ìwé gbà mí lọ́wọ́ igi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo kọ́ èdè Gíríìkì àti èdè Hébérù, mo kọ́ ìtàn ìjọ àti ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ mi kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kí ó ṣí ìwé lọ. Ó tó ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn báyìí tí ọrùn gìtá àwọn akọrin kán nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà. Wọ́n fẹ́ jù ú nù. Mo gbé e lọ sílé, mo sì tú u palẹ̀ lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Ìyàwó mi ṣì ń rán mi létí ọjọ́ náà. Ohun tí mo ti ń rò pé idán Òyìnbó ni, mo rí i pé igi ni, pẹ̀lú irin, wáyà àti òòfà, tí ẹnì kan fi sùúrù kó jọ. Mo lẹ ọrùn náà, ó dúró. Láti ìgbà náà mo ti kan gìtá mẹ́sàn-án. N kò tà ọ̀kankan lọ́jà. Mo fi gbogbo wọn tọrẹ ni.

Gìtá oníná kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1931 sí 1932, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ṣe ọ̀kan tí ara rẹ̀ rí roboto, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní páànù tí a fi ń dín nǹkan. Ní ọdún 1950, Leo Fender, ẹni tí ó ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California, gbé gìtá tí ara rẹ̀ jẹ́ odidi igi wá sí ọjà. Ní ọdún 1954 ó ṣe èyí tí ó ń jẹ́ Stratocaster, tí àwòrán rẹ̀ kún gbogbo ayé lónìí. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé kò mọ gìtá ta. Ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ohun èlò tí ọwọ́ ẹlòmíràn yóò lò. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà, mo mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ìtàn kejì jẹ́ ti bàbá àti ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963, Brian May, tí ó di olókìkí lẹ́yìn náà nínú ẹgbẹ́ olórin Queen, jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí kò lówó gìtá. Òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan tiwọn nínú ilé. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀, wọ́n sì mú sípíríǹgì inú ẹ̀rọ alùpùpù ògbólógbòó sí i. Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì, gìtá náà ni ó sì ti ń ta káàkiri àgbáyé láti ìgbà náà. Kí ẹ̀yin òbí má ṣe gbàgbé èyí: ọkùnrin yìí kan náà ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa ojú ọ̀run ní Imperial College, London, ní ọdún 2007. Ọwọ́ tí ó di fáìlì mú kò ṣọ̀tá pẹ̀lú orí tí ó ka ìwé.

Níbi tí ó kan igi, kò yẹ kí a máa wo ilẹ̀ òkèèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan. Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Gibson gbé gìtá méjì jáde, Flying V àti Explorer, tí àwọn tí ń kó gìtá àtijọ́ jọ ń wá bí ẹní ń wá wúrà. Igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni wọ́n pè ní korina. Irú igi náà kì í ṣe àjèjì sí wa: igi afárá ni, tí ó ń hù nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ tí Yorùbá pè é yìí wà nínú ìwé àwọn oníṣòwò igi káàkiri àgbáyé, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìrókò ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gànwó, tí Òyìnbó ń pè ní mahogany Áfíríkà. Afárá tàbí ọ̀gànwó ni mo fi ń ṣe ara gìtá. Ọ̀gànwó ni ọrùn, nítorí pé kò wúwo jù, kì í sì tètè lọ́. Pákó ìtẹ̀ka, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, gbọ́dọ̀ le kí irin okùn má bàa jẹ ẹ́. Apá ni mo máa ń lò fún un.

Ọ̀gànwó mi kò ti inú igbó wá. Ìjọ kan ní agbègbè wa kó àwọn àga gbọọrọ àtijọ́ wọn síta, wọ́n sì fi àga oníke rọ́pò wọn. Mo ra mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi wọ́n dáná. Igi tí ó ti gbẹ fún ọdún gbọọrọ kò tún ní ìpinnu méjì: bí a bá gé e gún lónìí, yóò gún lọ́la. Àwọn àgbà agbẹ́lù máa ń wí pé igi tí ó hù sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó dára jù fún ìlù dùndún, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti kékeré. N kò pe èyí ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń fi ìfági kọjá lórí igi tí ó ti gbọ́ orin àti àdúrà láti ìran kan dé òmíràn, ọ̀rọ̀ wọn a máa wá sí mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn igi ni ìṣirò. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá kò wà níbi tí ojú fẹ́ kí wọ́n wà; ìṣirò ni ó gbé wọn síbẹ̀. Lára irú gìtá tí mo ń ṣe jù, okùn gùn ní mìlímítà 648 láti ibi tí ó ti kúrò ní orí dé ibi tí ó jókòó lé nísàlẹ̀. Láti mọ àyè irin àkọ́kọ́, a óò fi 17.817 pín 648. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 36.4. A óò yọ èyí kúrò, a óò tún fi 17.817 pín ohun tí ó kù, bẹ́ẹ̀ ni a óò sì máa ṣe títí a ó fi dé irin tí ó kẹ́yìn. Irin kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín gan-an, ní mìlímítà 324. Bí ó bá yẹ̀ níwọ̀n mìlímítà kan péré, etí yóò gbọ́ ọ. Ó wà nínú àwa tí a jọ wà ní kíláàsì tí ó máa ń bi olùkọ́ ìṣirò léèrè pé kí ni a óò fi gbogbo pínpín wọ̀nyí ṣe láyé. Kí ó wá wo ọrùn gìtá.

Okùn mẹ́fà náà jọ ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tí ó tó kìlógírámù 45. Ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Nítorí náà ni a ṣe ń gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọrùn, tí a sì ń tẹ́ ọ̀pá irin sínú rẹ̀ kí a tó lẹ pákó ìtẹ̀ka bò ó. Kò sí ẹni tí yóò rí irin náà mọ́, òun sì ni kò jẹ́ kí ọrùn tẹ̀. Ohùn gìtá pàápàá, inú ohun tí ó fara pamọ́ ni ó ti ń wá. Lábẹ́ okùn ni òòfà wà, tí a fi wáyà bàbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí wé, nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Bí okùn irin bá ti gbọ̀n lókè òòfà, iná díẹ̀ kíún yóò sáré gba inú wáyà náà lọ sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọ̀dọ́ ọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀bá ọjà ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi òjé jó wáyà pọ̀. Èmi tí ó ń pè ní Bàbá Àlùfáà jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀, mo sì ń pè é ní ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n kíkàn jẹ́ ìdajì iṣẹ́ péré. Dídán ni ìdajì kejì, òun ni ó sì gba sùúrù jù. A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà 80 tí ó rí gbàgàgbàgà, a ó bọ́ sí 120, a ó lọ sí 180, lẹ́yìn náà 240, títí dé 320, a ó sì máa tẹ̀lé ibi tí ojú igi bá kọ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa ipa èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan, lákà yóò tú àṣírí rẹ̀, nítorí pé lákà kì í bo àpá ara igi. Ńṣe ni ó ń gbé e jáde. Lẹ́yìn èyí, a ó fi aṣọ tútù nu ara igi kí irun rẹ̀ lè dìde, a ó sì tún fá a. Ọ̀gànwó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ara. A gbọ́dọ̀ dí wọn kí ojú rẹ̀ tó lè tẹ́jú bí omi inú àwo.

Lákà kì í gbọ́ tẹni tí ń kánjú. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fọ́n ọn, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó sì jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bí òjò bá wà lójú ọ̀run, èmi kì í ṣí ìgò rẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò sọ ọ́ di funfun bí ojú tí ó ní àrùn. Bí ọyẹ́ bá mú ju, eruku yóò bà lé e. Àárín méjèèjì ni a ń ṣọ́. A gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo imú, a sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí iná, nítorí pé èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tètè gbiná. Nígbà tí fífọ́n bá parí, mo ń gbé gìtá náà kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà olómi yóò dé, láti 800 títí dé 2000, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ nínú omi, kí a tó fi òwú àti ọ̀dà ìdán fà á títí ojú ènìyàn yóò fi hàn nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yìn ọrùn ni n kì í fọ́n lákà sí. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń pa á, kí àtàǹpàkò lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń di ojú mi, tí mo ń fi ọwọ́ nìkan wò ó, nítorí pé ọwọ́ ń rí ohun tí ojú ń fò. Orí irin kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi fáìlì yí po kí ó má bàa ya ọmọdé lọ́wọ́. Inú ihò tí wáyà ń gbà pẹ̀lú, tí ìdérí yóò bò, mo ń fá a kí ó dán. Bí ẹnì kan bá béèrè pé ta ni yóò rí i, mo ní ìdáhùn, nítorí mo mọ ọwọ́ tí ó ti pa abẹ́ àpótí mi rí. Nínú iṣẹ́ ìjọ náà, ibi tí ìdérí bò ni iṣẹ́ wà jù: àbẹ̀wò tí kò sí nínú ìròyìn, gbèsè tí a bá opó san, àdúrà òru. Ẹni tí kò bá lè fá inú ihò wáyà, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ìwàásù rẹ̀.

Gìtá tí a kàn fún ènìyàn kan yàtọ̀ sí èyí tí a rà, nítorí pé ọwọ́ ẹni náà ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n. Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tí ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Gbogbo gìtá tí ó wà nílẹ̀, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Àwọn àgbà kan ní kí ó yí ọwọ́ padà, nítorí pé ọwọ́ òsì kò bójú mu níwájú àgbà. Òótọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá ẹni. Síbẹ̀ mo rán wọn létí Ehudu nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, àti àwọn ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọkùnrin Bẹ́ńjámínì tí wọ́n jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tí kànnàkànnà wọn kì í tàsé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kan gìtá ọlọ́wọ́ òsì. Lọ́jọ́ tí mo gbé e fún un, kò sọ̀rọ̀. Ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, bí ẹni tí kò gbà pé a lè ṣe nǹkan kan nítorí òun nìkan. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ní gìtá lónìí. Fún ọmọbìnrin kan tí ìka rẹ̀ kúrú, mo dín gígùn okùn kù sí mìlímítà 610. Láti ọjọ́ náà kò tún sọ pé gìtá kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n máa ń fi kàn mí. Èkíní ni pé ohun èlò ilé ẹmu ni gìtá. Mo dàgbà láàrin ìrònú yìí. Ṣùgbọ́n ìlù dùndún náà, wọn kò fẹ́ ẹ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nígbà kan; lónìí, ta ni ń ṣe ìdúpẹ́ láìsí i? I. K. Dáírò, tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ebenezer Obey, ọ̀gá nínú orin jùjú, di ajíhìnrere. Igi kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọkàn ẹni tí ó gbé e dání ni a ó yẹ̀ wò.

Èkejì ni ó wúwo jù: pé iṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ ẹni tí ó kàwé tó báyìí. Tí mo bá gbọ́ èyí lẹ́nu onígbàgbọ́, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, a kà pé Ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú Besaleli, kì í ṣe kí ó lè wàásù, bí kò ṣe kí ó lè gbẹ́ igi, kí ó sì ṣiṣẹ́ wúrà àti fàdákà. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́. Olúwa wa pàápàá, káfíńtà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ta ni ó wá kọ́ wa pé ọwọ́ tí ó mọ́ ni ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan?

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ní ọdún 1982, orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí ó fẹ́ kí ọmọ kọ́ ìwé, kí ó sì kọ́ iṣẹ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àwọn ẹ̀rọ tí a kó dé kò kúrò nínú àpótí wọn, nítorí pé kò sí iná tàbí kò sí ẹni tí yóò fi kọ́ni. Yàrá iṣẹ́ igi tiwa ń bẹ níbẹ̀ síbẹ̀; àga tí ó kán ni ó kún inú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa ń wá ohun tí a ó fi ṣe ìrántí àjọ̀dún yìí, ọ̀pọ̀ sì ń dá kọ̀ǹpútà lábàá. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a tún yàrá náà ṣe pẹ̀lú: tábìlì iṣẹ́ mẹ́wàá, ayùn, ìfági, irin ìgbẹ́gi, òkúta ìpọ́nrin, àti ojúlówó káfíńtà kan láti inú ìlú tí a ó máa sanwó fún, tí àwọn ọmọ yóò máa pè ní ọ̀gá. Àwọn àga tí ó kán wọ̀nyẹn ni yóò jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn.

Ẹ̀yin òbí, n kò sọ pé kí ọmọ yín di káfíńtà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀gàn bí ó bá dà á. Mo ń sọ pé kí ọmọ tí yóò di dókítà, agbẹjọ́rò tàbí àlùfáà mọ bí ó ti rí kí nǹkan kọ̀ láti gún, kí ènìyàn sì dúró tì í títí yóò fi gún. Orí fóònù nìkan kò lè kọ́ ọ ní èyí.

Fún èmi, ìgbà tí n óò fẹ̀yìn tì kò jìnnà mọ́. Bí a bá ṣí yàrá náà, gbogbo irinṣẹ́ mi ni n óò kó wá síbẹ̀, pẹ̀lú ìfági tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, n óò sì máa fi ọjọ́ Sátidé mi bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí agbára bá wà. Àpótí ìjókòó ni a ó kọ́kọ́ kàn. Ẹni tí abẹ́ tirẹ̀ bá dán, ni a ó jọ bẹ̀rẹ̀ gìtá.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ìka mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ nínú wa má ṣe jẹ́ kí a sin wọ́n mọ́ ilẹ̀ bí tálẹ́ńtì ọ̀lẹ ọmọ ọ̀dọ̀ nì. Kí ó bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀. Àmín.